Kọ̀ǹpútà Tí Effie Keeping Jókòó Tì

Ní Gannet Arm, tó bá ti di aago méje ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Gbogbo ará abúlé etíkun náà á ti jókòó ti rédíò, káàdì bíńgò á wà lórí tábìlì, tíì onímílíìkì agolo á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa retí ohùn Effie Keeping. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń pe nọ́ńbà lórí rédíò fún ẹgbẹ́ panápaná, ẹni tí nọ́ńbà káàdì rẹ̀ bá kọ́kọ́ pé ló sì ń jẹ. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, kò ga, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, n kò sì tíì rí ẹni tó bá a jiyàn tó borí.

Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ panápaná sí ló ti ń pè é. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá láti ilé, ló ń ṣa nọ́ńbà. Òun náà ló ń rántí gbogbo èyí tí wọ́n bá ti pè, kí wọ́n lè fi yẹ káàdì ẹni tó bá tẹ̀ wọ́n láago pé òun ti jẹ.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹta, Effie ṣẹ̀ṣẹ̀ pe nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n tán ni ojú kọ̀ǹpútà di búlúù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń ṣe àtúnṣe lọ́wọ́, pé kí ó má pa ẹ̀rọ. Àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn! Ó gba ìṣẹ́jú méjìlélógún, nígbà tí ẹ̀rọ sì máa fi jí, kò rántí nọ́ńbà kankan mọ́. Obìnrin méjì tẹ̀ wọ́n láago, oníkálukú ní òun lòun jẹ, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi dá ẹjọ́ náà. Àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn títí dòní.

Lọ́sẹ̀ kejì, Effie yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé òun ti bá a ṣe é. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ti kó àtúnṣe mìíràn wọlé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ojú rẹ̀ tún di búlúù.

Ní ọjọ́ kejì ni Cyril Bungay, alága ìgbìmọ̀ panápaná, wá sí ilé rẹ̀. Kò jẹ àkàrà òyìnbó tí Effie ṣe fún un, ìyẹn nìkan ti tó kí èèyàn mọ̀ pé ire kọ́ ló bá wá.

"Àǹtí Effie, ẹ má bínú o," ló wí. "Ilé iṣẹ́ kan wà ní ìlú tó lè máa bá wa pe nọ́ńbà. Ohùn ẹ̀rọ ni, kì í rẹ̀ ẹ́. Ìgbìmọ̀ ní ká fún yín ní Ọjọ́rú kan sí i. Tí kọ̀ǹpútà yín bá tún kú, ẹ ó fi máíìkì sílẹ̀."

"Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ ṣubú nínú balùwẹ̀, Cyril, ta ló mọ̀?"

Cyril wo ilẹ̀. Gbogbo abúlé ló mọ ìtàn náà. Lottie, ìyá Cyril, kì í ṣàìtẹ Effie láago lẹ́yìn eré àkọ́kọ́ kó lè kí i. Lọ́jọ́ tí kò tẹ̀ ẹ́, Effie dá bíńgò dúró, ó sọ lórí rédíò pé kí ẹni tó bá sún mọ́ ibẹ̀ lọ wo Lottie. Wọ́n bá a nílẹ̀.

"Kí ohùn ẹ̀rọ yín wá ṣe ìyẹn."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Ìgbìmọ̀ ni."

"Ìwọ lalága wọn. Má fi ìgbìmọ̀ bojú fún mi."

Cyril ní òun náà á gbé kọ̀ǹpútà tuntun òun wá lọ́jọ́ náà, kí ó lè gba iṣẹ́ tí ti Effie bá dákú. Effie ṣílẹ̀kùn fún un kó tó dìde.

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ń ráhùn. Ṣé ohun tí wọ́n fi owó ẹni rà ló máa wá sọ ìgbà téèyàn máa sọ̀rọ̀? Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé awò ojú rẹ̀, ó lọ bá kọ̀ǹpútà náà ní yàrá tó ti ń pe bíńgò. Ó tú inú rẹ̀ wò títí ó fi rí ibi tí wọ́n to gbogbo àtúnṣe tí ẹ̀rọ ti ṣe sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti àsìkò. Ó ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́rú. Ọjọ́rú. Ọjọ́rú. Aago méje kọjá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀tá kan ló jókòó síbì kan tó ń ṣọ́ bíńgò òun. Ìgbà náà lojú rẹ̀ bọ́ sára ihò iná mànàmáná tí wọ́n ń ki okùn ẹ̀rọ sí lára ògiri.

Hedley, ọkọ Effie tó ti dolóògbé, ni olórí panápaná nígbà ayé rẹ̀. Ní ọdún tí kẹ́tùlù oníná mànàmáná kan jó ilé kan mọ́ àwọn onílé, Hedley lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó mú kí gbogbo wọn búra pé àwọn kò ní fi ohunkóhun sílẹ̀ lójú iná kí àwọn sì jáde. Hedley kú, ìbúra kò kú. Ní Gannet Arm, èèyàn á yọ ohun tó fi yan búrẹ́dì lójú iná kó tó jẹ búrẹ́dì. Tí bíńgò bá ti parí, Effie á yọ kọ̀ǹpútà, ó di Ọjọ́rú mìíràn. Nínú ọjọ́ méje, wákàtí méjì péré ni ẹ̀rọ náà ń rí láti fi ṣe àtúnṣe ara rẹ̀. Kò bá Effie ṣọ̀tá. Effie ló ń febi pa á látọ̀sẹ̀ dọ́sẹ̀, tó wá ń bínú pé ó ń jẹun lójú àlejò.

Ó dùn ún pé ẹ̀bi òun wà níbẹ̀, kò sì fẹ́ da ìbúra ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ọ̀rọ̀ Hedley bó ṣe sọ ọ́ gan-an: "Ohun tí iná bá wà lára rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan." Kò ní kí wọ́n má tan án.

Effie lọ sílé, ó gbé òwú àti abẹ́rẹ́ tó fi ń hun ìbọ̀sẹ̀, ó gbé tíì àti búrẹ́dì, ó padà wá jókòó. Ó ki okùn íńtánẹ́ẹ̀tì padà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kó wá àtúnṣe. Ẹ̀rọ kú, ó jí, ó tún kú. Nígbà tó bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, Effie dá a lóhùn.

"Mo ń ní i. Lọ́la, ìwọ náà á ní i."

Ó hun ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kan tán kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Lẹ́yìn náà ló wá pàṣẹ fún ẹ̀rọ: láti aago márùn-ún sí mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́, kò gbọdọ̀ pa ara rẹ̀ kó sì tan padà. Ó tún tẹ ibi tó ní kí àtúnṣe mìíràn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó yọ ọ́ lójú iná, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́rú, Cyril gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé nínú páálí.

"Ìgbà wo lo tan án gbẹ̀yìn?" Effie bi í.

"Kérésì, lọ́jọ́ tí mo rà á. Tuntun ni, Àǹtí, kò nílò nǹkan kan."

Cyril ki í sójú iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Effie, ó tan án. Effie ṣí máíìkì, ó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn eré àkọ́kọ́, Lottie tẹ̀ wọ́n láago, ó kí Effie, ó sì bèèrè bóyá Cyril ti jẹun. Etí Cyril pọ́n. Nínú eré kejì, nígbà tí Effie pe nọ́ńbà kẹrìnlá, ìmọ́lẹ̀ búlúù láti ojú kọ̀ǹpútà tuntun náà tàn sí Cyril lójú. Ọwọ́ rẹ̀ sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ.

Effie fọwọ́ bo máíìkì. "Má fọwọ́ kàn án. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

Effie gbé ọwọ́ kúrò lórí máíìkì. "B, méje," ló pè fún gbogbo abúlé, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n parí, nọ́ńbà kan kò sọnù. Effie yọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ká okùn rẹ̀. Ti Cyril kò tíì dé ìdajì. Cyril na ọwọ́ mú kóòtù rẹ̀. Effie gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá síwájú rẹ̀.

"Kí lèyí, Àǹtí?"

"Wàá tilẹ̀kùn tó bá parí. O kò ṣáà ní fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ìṣojú mi lo ti búra fún Hedley."

Cyril wo ẹ̀rọ, ó wo kọ́kọ́rọ́, ó jókòó padà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó bèèrè ohun tí òun máa sọ fún ìgbìmọ̀ nípa máíìkì.

Effie ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. "Sọ fún wọn pé ó wà lọ́wọ́ mi. Aago méje, Ọjọ́rú."