Àgbá Mẹ́ta Tó Kún Fọ́fọ́

Ẹni tó bá ní kí n fẹ̀sọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí, kó kọ́kọ́ wá bá mi gbẹ̀bí lẹ́ẹ̀kan láìsí omi ná. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìwéré-Ilé. Àtìgbà tí mo ti débẹ̀ ni kò ti sí omi. Àwọn obìnrin ìjọ wa ló ń pọn ọ́n fún wa láti odò ní gbogbo Sátidé, wọn a dà á sínú àgbá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé. Ìyá Ìjọ ló ń ṣáájú wọn, arúgbó tí orúnkún ń dùn, síbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé garawa. Bí mo bá ní, "Ìyá, ẹ sinmi," wọ́n á ní, "Ta ló bí ọ tí o fi ń pàṣẹ fún mi? Ọjọ́ tí ìjọba bá gbẹ́ kànga ni màá sinmi."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá mú gan-an, àwọn ọ̀dọ́ ìlú, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n fẹ́ gbé páálí, kí wọ́n jókòó sójú ọ̀nà títí wọn yóò fi rí kànga ẹ̀rọ gbà. Wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ká bá àwọn lọ. Ìyá Ìjọ dìde. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ ni onígbàgbọ́ fi ń sọ̀rọ̀. Ariwo kì í pọn omi." Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo tiẹ̀ ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn létí mi títí di òní, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Àwọn ọ̀dọ́ pòṣé, ìwọ́de forí ṣánpọ́n.

A rán àwọn àgbà lọ bẹ ìjọba jẹ́jẹ́. Àwọn ará ìjọba ní ìlú méjì ló ń tọrọ kànga kan ṣoṣo, pé àwọn á wá fojú ara àwọn wò ó ní Ọjọ́bọ̀, bóyá lóòótọ́ la ò lómi.

Àlejò ń bọ̀! Ṣé ẹ mọ àwa ará Òkè-Ògùn: ẹni tí kò rí ẹran jẹ látoṣù tó kọjá á pa adìyẹ fún àlejò. Kí n tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn obìnrin ti lọ odò, wọ́n ti bọ̀. Wọ́n ti fọ ilẹ̀, wọ́n ti fọ ògiri. Àgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún fọ́fọ́.

Mo figbe ta. "Ìyá, kí lẹ ṣe yìí? Àìsí omi ni wọ́n ń bọ̀ wá wò!"

Ìyá Ìjọ wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. "Ṣé kí àlejò wá bá wa nínú ìdọ̀tí ni? Ojú ò ní tì wá?"

Mo fẹ́ da omi náà nù. Mo gbọ́wọ́ lé etí àgbá, mo wo orúnkún Ìyá tó wú, n ò lè ṣe é.

Ọ̀gá tí ìjọba rán dé, ó wo àgbá, ó bu omi mu, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Olúwa á san án fún yín." Mo ṣàlàyé títí, ó ní òun ti rí ohun tí òun rí. Ìlú kejì, tí wọ́n ti dí ojú ọ̀nà, tí wọ́n pariwo, ni kànga lọ.

Lẹ́ẹ̀rùn yìí, odò ti gbẹ. Inú ihò tí a gbẹ́ sínú iyanrìn ni wọ́n ti ń bu omi, ibẹ̀ sì jìnnà. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n fi ọ̀kadà gbé Ìyá Ìjọ wá bá mi. Ìyá ti ṣubú lórí àpáta tàwọn ti garawa, egungun itan ti yẹ̀, iyanrìn kún ojú egbò. Mo sáré gbé abọ́ lọ sídìí àgbá. Mo ṣí èkíní, ẹrẹ̀. Èkejì, ẹrẹ̀. N ò ṣí ẹ̀kẹta. Mo fẹ́ ké gbogbo igbe tí a ò jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ké, ṣùgbọ́n ta ló wà níbẹ̀ tó máa gbọ́?

Mo gbé abọ́ òfìfo padà wọlé. Ìyá Ìjọ rí i lọ́wọ́ mi. Wọ́n di etí aṣọ mi mú.

"Nọ́ọ̀sì mi, má bínú sí mi," ni wọ́n wí. "Omi rẹ ni mo ń gbé bọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló dànù."