Ilé Òyìnbó Tí Kọ̀ǹpútà Mi Yà

Ẹni tó ta ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń yàwòrán ilé fún mi ní Àpápá purọ́ fún mi, mo sì fẹ́ kó yé yín bó ṣe pa á. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ni mo ní nílé wa l'Ájégúnlẹ̀. Ètò ńlá táwọn ayàwòrán-ilé ń lò, apá mi ò ká a. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ọ̀rẹ́ mi bá mi ṣe kọ̀, kò ṣí. Ó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé àfi kí n kọ́kọ́ ra ẹ̀yà irin kékeré kan tí wọ́n ń kì sínú kọ̀ǹpútà láti bá a ṣe ìṣirò. Ọlọ́jà Àpápá yẹn wá gbé ètò mìíràn tó rọjú kalẹ̀, dísíìkì bíi mélòó kan nínú páálí. Mo bi í pé, "Ṣé ó lè ya irú ilé tiwa?" Ó ní, "Ilé yòówù, bọ̀ọ̀dá. Ṣebí ilé nilé ń jẹ́?"

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, tó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ẹrù jíjá ní wáàfù, fẹ́ kọ́ ilé ayálégbé: yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, páséèjì láàárín, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá lẹ́yìn. Èmi ló gbé pláànù rẹ̀ fún. Bí ó bá gbà á, mo di ayàwòrán-ilé ládùúgbò. Bí kò bá gbà á, mo ṣì jẹ́ ọmọ tó jáde yunifásítì tó jókòó sílé.

Ètò yẹn ò mọ páséèjì. Mo bá fa pálọ̀ rẹ̀ gùn títí tó fi di páséèjì. Ṣùgbọ́n pálọ̀ náà ní ibi ìdáná lára ògiri, irú èyí tí òyìnbó ń yá nígbà òtútù, kò sì ṣeé pa rẹ́. Mo gbé àwòrán àga lé e lórí, ó pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó fẹ́ kọ́lé kì í dá wo pláànù. Bàbá, ọ̀rẹ́ bàbá mi yẹn, kó àbúrò rẹ̀ obìnrin wá, àti ọkùnrin dírẹ́bà kan tó ti ń retí yàrá. Èmi náà ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n wo bó ṣe máa jáde. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń han gooro, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bó ṣe dé ìdí páséèjì, àga jáde, ibi ìdáná sì yọ jáde láàárín àga.

Bàbá ní, "Kí lèyí?"

"Ibi ìdáná ni, sà."

"Nínú páséèjì?"

Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ fi sílẹ̀ o, bọ̀ọ̀dá mi. Ibẹ̀ la ó ti máa yan ẹja."

Dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. "Graduate! So if person wan go toilet, e go first jump fire?"

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ká ìwé náà. "A óò máa rí ara wa."

Mo padà sí Àpápá lọ ka ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́jà náà fún un: kò sí páséèjì, ibi ìdáná ò ṣeé pa rẹ́, ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń bọ́ sínú ìwé. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá na páálí sí mi. "Ẹ wo ara ẹ̀ ná." Ilé òyìnbó ló wà níbẹ̀, èéfín ń rú lórí òrùlé, yìnyín bo ilẹ̀. Irọ́ ló pa, mi ò yí i padà. Ṣùgbọ́n ohùn mi ti lọ sílẹ̀.

Pláànù ẹlòmíì ni wọ́n fi gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí n má bàa pàdé Bàbá, síbẹ̀ ó rí mi níjọ́ kan, ó pè mí láàárín àwọn bíríkìlà: "Akitẹ́ẹ̀tì wa, ṣé dáadáa ni?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò lè gbójú sókè wo ìpìlẹ̀ náà.