Wọ́n Jẹun Lójú Àlá

"Wọ́n jẹun lójú àlá! Kò dáa o!"

Ọmọbìnrin kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀, láyé ìgbà tí owó epo ń ya wọ ìlú bí omi òjò. Àǹtí mi ni tíṣà wọn. Nítorí pé akọ̀ròyìn ni mí, ó ní kí n wá ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ láti ka ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí oníwàásù aláwọ̀ dúdú kan sọ ní Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Mo ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ibi tí a dé ni pé ó lá àlá pé ọmọ ẹrú àti ọmọ olówó ẹrú jókòó sídìí tábìlì kan náà.

"Bùrọ̀dá, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe nídìí tábìlì tí kì í ṣe oúnjẹ?" ni ọmọ náà wí. "Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá jẹun lójú àlá, wọ́n á ní kó gbààwẹ̀ ni."

"Ìwọ tó ò ń jẹ ẹ̀bà lójú àlá lójoojúmọ́ ńkọ́?" ni ọmọkùnrin kan fi bú u. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe àlá ojú oorun. Ohun tí ọkùnrin náà ń retí lójú ayé ló ń sọ. Ọmọbìnrin náà tún béèrè pé:

"Wọ́n ti lé wọn nídìí tábìlì tẹ́lẹ̀ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Òun la yàn láti ka ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ ìparí ọdún.

Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ kan nítòsí. Ó tọrọ ààyè wá, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Iwájú ni kẹ́ ẹ jókòó o, Màámi, kẹ́ ẹ lè gbọ́ mi," lọmọ náà wí, nítorí pé ariwo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá kì í jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá náà ò tíì jókòó gbóná tí ọ̀gá ilé ìwé fi dé.

"Ìyá, ẹ dìde níbẹ̀. Àwọn àlejò ńlá ló ni ibẹ̀ yẹn."

"Ọmọ mi ló fẹ́ kàwé, sà."

"Ẹ lọ dúró lẹ́yìn! Pẹ̀lú aṣọ yìí? Ẹ má dójú tì wá."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀! Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n to ọtí ẹlẹ́rìndòdò síwájú àwọn máníjà ilé iṣẹ́ tí wọ́n pè, ìyá olùkàwé sì dúró sínú oòrùn. Títí dòní, ara mi ṣì ń gbóná bí mo bá rántí.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ tábìlì, ó gbójú kúrò nínú ìwé. Ó wo tábìlì tó wà níwájú rẹ̀, ó wá gba àárín àwọn àlejò kọjá, ó lọ dúró síwájú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, ó sì ń kà á lọ sí i létí.

"Padà síbí!" ni ọ̀gá ké. Ó ń kà á lọ ni. Àwọn máníjà ló wá ń yí ọrùn sẹ́yìn kí wọ́n lè gbọ́.

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ta ló kọ́ ọmọ yìí nírú ìwàkiwà yìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Láàárọ̀ yìí."