Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi lórí afárá Agége

Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Mo kàwé, mo sì mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ojú rí àti ohun tí ìbẹ̀rù bí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó ṣáà ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀, nítorí ẹni tí ó ta ikú fún mi ṣì ń pàtẹ títí di òní.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, irú èyí tí a ń ká sí méjì láti àárín, tí a sì lè gbé wọ búùtù ọkọ̀. Èmi àti Kúnlé, àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, a máa ń fi irú rẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀ lórí afárá Agége láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì. Eré yẹn dùn, n kò ní purọ́. Ṣe ni atẹ́gùn á máa fọn fèrè sí ènìyàn létí.

Nígbà tí tèmi bàjẹ́, mo lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ń pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìkẹjà. Ara fu mí. Ọ̀dà àtijọ́ ló wà lára kẹ̀kẹ́ náà, àmọ́ ọ̀dà tuntun ló wà ní oríkèé tí a ti ń ká a.

Mo bi í pé, “Kí ló ṣe ibí yìí?”

“Ọ̀gá mi, àtíkè lásán ni. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí ìyàwó dán ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì rà á.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà. Èmi ni mo ṣíwájú, Kúnlé ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí a ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ ni ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi wúwo lójijì, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó sórí kárìà.

Ohùn kan sọ sí mi létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ dúró.”

Ọmọ Èkìtì ni ìyá mi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé bí ẹni tí n kò rí bá pè mí, n kò gbọ́dọ̀ dáhùn, n kò sì gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn. Nítorí náà, n kò dúró. Mo tún fi kún eré ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá mi lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin ì bá ṣe.

Ohùn náà tún sọ̀rọ̀, láìkánjú, bí ẹni tí ó ti rẹ̀:

“Èmi náà ò dúró.”

Mo fún bíréèkì méjèèjì pọ̀. Kẹ̀kẹ́ yọ̀, mo fò bọ́ sílẹ̀. Ó lọ fi orí sọ ògiri afárá, ó sì kán sí méjì ní oríkèé yẹn gan-an. Mo wo ojú ibi tí ó ti kán. Irin náà ti kán rí. Ẹnì kan ló jó o pọ̀, tí ó sì fi ọ̀dà bò ó.

Kúnlé dé, kò wo kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn mi ló ń wò.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, “ọkùnrin tẹ́ ẹ gbé sí kárìà dà?”

N kò gbé ẹnikẹ́ni.

Kúnlé kọ̀ jálẹ̀, kò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ tó kán náà. Èmi nìkan ni mo gbé e padà lọ bá òǹtajà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, àmọ́ kò bá mi jà. Ó wo oríkèé náà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ṣé ó bá ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀?”

Ẹ gbọ́ ìyẹn ná. Ó mọ̀. Mo bi í pé ta ló kú lórí rẹ̀, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ pe ọlọ́pàá. Kí a tó dé, ó ti pòórá, ọkùnrin náà sì ní òun kò rí mi rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọjá níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ti dúró lórí àtẹ padà, ọ̀dà tuntun sì wà ní oríkèé. Kí n tó ráyè sọdá títì, obìnrin kan ti ká a sínú búùtù rẹ̀, ó ti wakọ̀ lọ. Mo kígbe, kò gbọ́. N kò mọ̀ ọ́n, n kò sì mọ ẹni tí ó rà á fún.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ síta nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ra kẹ̀kẹ́ fún yín láìpẹ́ yìí, ẹ ha ọ̀dà oríkèé rẹ̀ wò. Bí ẹ bá sì ti wà lórí eré, tí ẹni tí ẹ kò rí ní kí ẹ dúró, ẹ gbàgbé ohun tí ìyá yín kọ́ yín.

Ẹ dúró.