Àga Tó Dún Lókè Tíátà

Bàbá Gbangan ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í bínú sí i. Gbangan, gbangan: ohun tí òòlù rẹ̀ ń wí nìyẹn láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ọkọ̀ tó bá forí sọ ògiri, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọ wá. Yóò lù ú, yóò nà á, títí ara irin yóò fi jọ̀lọ̀ bí ara ọmọ tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lu irin, irin náà ń lù ú. Etí ló ti ń lù ú.

Agogo ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ dákẹ́ sí i létí. Lẹ́yìn náà, ìkòkò tó ń hó. Lẹ́yìn náà, ohùn ìyàwó rẹ̀ láti ilé ìdáná. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bi í ní ohun tí kò gbọ́, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Báyìí ló ṣe gbà, láìmọ̀, pé kí àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá máa bá wọn gbé, tòun ti ajá méjì.

Ìyẹn kò dùn ún tó tíátà.

Ilé orin olókùúta ni, láàárín ìlú, ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ti ń bó. Láti ìgbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń fẹ́ra sọ́nà ni wọ́n ti ń lọ gbọ́ orin níbẹ̀. Òkè pátápátá ni wọ́n máa ń jókòó, níbi tí àga ti jẹ́ pákó lásán. Àga náà ní ìwà tirẹ̀. Bí èèyàn bá dìde, ìjókòó á fò padà, á gbá ẹ̀yìn àga. Gbà! Àwọn ará òkè ti sọ ọ́ di èdè. Bí wọn kò bá gbọ́ orin, wọn kì í pariwo; ọmọlúàbí ni wọ́n. Ẹnì kan á kàn dìde, á jẹ́ kí àga rẹ̀ dún. Àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Ìsàlẹ̀ á sì mọ̀ pé òkè ń bínú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yìí, olórin tí tọkọtaya náà ti fẹ́ràn láti ìgbà èwe ló fẹ́ kọrin. Ìyá àgbà ni báyìí. Níwájú dígí nílé ni bàbá ti bá ara rẹ̀ pinnu: bí òun kò bá gbọ́ ohùn obìnrin yìí lónìí, ó parí. Òun kò ní wá mọ́. Kí ni adití ń wá nídìí orin?

Wọ́n gun àtẹ̀gùn. Télọ̀ tó máa ń jókòó lẹ́yìn wọn ti dé.

"Bàbá Gbangan! Ṣé ẹ tún máa hanrun bí orin bá ń lọ lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni bàbá wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ gbọ́ o! Ó ti jẹ́wọ́!"

Wọ́n pa iná orí ìjókòó. Olórin jáde, ó tẹríba, ó la ẹnu.

Kò sí nǹkan.

Bàbá tẹ́tí. Ẹnu obìnrin náà ń ṣí, ó ń pa dé. Ìka onígìtá ń rìn lórí okùn. Kò sí nǹkan. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Iwájú nìyẹn ń wò, ojú rẹ̀ le.

Ó tán nìyẹn. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, gbogbo orin wọ̀nyẹn. Ó ní òun á rọra yọ́ jáde, òun á dúró de ìyàwó òun nísàlẹ̀. Ó dìde.

Ó gbàgbé àga. Òun, tó mọ àga yẹn ju bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ.

Gbà!

Kíá, lẹ́yìn rẹ̀: gbà! Télọ̀ ni. Apá ọ̀tún gbà á. Gbà! Gbà! Gbogbo òkè dìde, pákó ń ró bí òjò lórí páànù.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Gbangan!" ni télọ̀ ń ké. "Ẹ̀rọ ti kú! A ò gbọ́ nǹkan kan! Ó yẹ kí ẹnì kan ti dìde tipẹ́!"

Bàbá dúró bí ère. Gbogbo wọn ni kò gbọ́. Kì í ṣe òun nìkan. Àti pé, ẹ dúró ná: òun gbọ́ àga wọ̀nyẹn. Òun gbọ́ télọ̀ pàápàá.

Nísàlẹ̀, olórin gbójú sókè, ó bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe òní ló ti mọ èdè òkè. Ó ti makirofóònù sápá kan. Àwọn tó kọ́ ilé yìí ti kọ́ ọ kí makirofóònù tó dáyé. Ògiri rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn. Ìyá àgbà náà mí kanlẹ̀, ó gbé orin sókè.

Orin náà ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, ó dé ọ̀dọ̀ bàbá. Kò mú bíi tàtijọ́. Ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. Òun gan-an.

Bàbá jókòó. Èémí tó ti há sí i láyà láti oṣù mélòó kan jáde. Fùú.

Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, ó fà mọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ìyá wọn, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ. Etí mi..."

"Kò gbọ́ dáadáa mọ́."

"O mọ̀?"

"Bàbá wọn, ẹ̀yin lẹ̀ ń lu irin, èmi tí mò ń pariwo kẹ́ ẹ lè gbọ́ ni ọ̀fun ń dùn! Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa tó máa gba ajá méjì sílé? Lọ́la, a ó lọ rí dókítà etí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ gbọ́ ni, àbí ẹ kàn ń dáhùn?"

"Mo gbọ́. Dókítà etí. Lọ́la." Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi. "Àwọn ajá yẹn wá ńkọ́?"

"Wọn ò lọ síbì kankan," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ ti ní bẹ́ẹ̀ ni."