Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Dúró sí Ẹnubodè Ìpàpó

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú mi rí nígbà tí mo wọ gbọ̀ngàn ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní Ṣakí ni bánà gbàǹgbà kan tí wọ́n so mọ́ iwájú tábìlì wa. Àwòrán Ọnọ́rébù kan ló wà lára rẹ̀, tó ń fi ìka tọ́ka sí ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé làákàyè rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì darí kíkọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò ní í dárúkọ ọkùnrin yìí. Ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ìwà rẹ̀ ni mo fẹ́ kó mọ̀.

Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin la kọ́ ohun tó wà lórí tábìlì yẹn. Èmi jẹ́ olùkọ́ àwòrán ẹ̀rọ àti ilé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Ṣakí sì ni mí. Jímọ̀ káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé mi, ọmọ Ìpàpó ni. Ràímì tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe, Tẹ̀dé ni wọ́n ti bí i. Alàájì Làmídì, àgbà wa, ahunṣọ òfì láti Ìsẹ́yìn ni. Gbogbo ìgbà tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé ni wọ́n máa ń ṣèlérí rélùwéè fún wa, àwa tí a kò gbọ́ fèrè rẹ̀ rí ní àdúgbò wa. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà sú Alàájì.

"Tíṣà, ìwọ tó o kàwé, ya ọ̀nà náà ká rí i. Bí wọn ò bá ní í kọ́ ọ, àwa yóò kọ́ ọ, a ó fi ṣeré."

Àwòṣe ni à ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ohun ńlá tí a dín kù títí yóò fi gba orí tábìlì, láìjẹ́ kí apá kan rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ la nà ṣe irin. Mọ́tò tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò àtijọ́ ni Ràímì fi sínú orí ọkọ̀. Agolo mílíìkì la gé ṣe páànù, a sì rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ títí ó fi dípẹtà bí òrùlé ilé baba mi gan-an. Alàájì gé òwú òfì wẹ́wẹ́, ó fi ṣe koríko, ó sì rẹ ẹ́ ní àwọ̀ rúsúrúsú bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn.

Jímọ̀ ní, "Alàájì, ẹ jẹ́ kó tutù lójú díẹ̀."

"Ṣé Òkè-Ògùn là ń kọ́ ni, àbí etí ọ̀sà?"

Jímọ̀ náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀ràn dídá. Ibùdókọ̀ tó gbẹ́ fún Ìpàpó ga ju àpáta Ṣakí tí mo fi bébà rírẹ àti eérú mọ.

Mo bi í pé, "Jímọ̀, kí lèyí?"

"Ibùdókọ̀ wa ni, sà. Àwa máa ń kọ́lé. Ẹ̀yin lẹ ń fi òkúta tí Ọlọ́run dá ṣe fáàrí."

A gé e kúrú, ó sì bínú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìjà gidi bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹni tí súìṣì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú tirẹ̀ ni ọkọ̀ yóò ti sinmi. Yóò kọjá ìlú àwọn yòókù bí ẹni tí oyin ń lé. Nígbà tí Ràímì sáré la Ìpàpó kọjá láìdúró, Jímọ̀ kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun kò ṣe mọ́. Alàájì ló parí ìjà náà.

"A kì í fi kọ́kọ́rọ́ ìlú ẹni sọ́wọ́ ará ìlú mìíràn. Kí kálukú di ẹnubodè ìlú tirẹ̀ mú."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gé irin náà ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, kí iná má lè ti ìlú kan ré kọjá sí èkejì. Súìṣì Ìsẹ́yìn wà lórí tábìlì; tàwa mẹ́ta yòókù wà lábẹ́ rẹ̀, olúkúlùkù níbi àga tirẹ̀. Bí ẹni tó ni ìlú kò bá ṣí ọ̀nà, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé. Kò sí ìwé ẹ̀rọ kan tí mo kà tó gba irú wèrè yìí láyè, ṣùgbọ́n àlàáfíà dé.

Ọnọ́rébù ti wá wò wá níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ya fọ́tò, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin bàbá wa," ó sì ní òun yóò bá wa rí àyè níbi ìpàtẹ. A dúpẹ́. A kò mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń wá àyè fún.

Mo bi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó so bánà náà pé, "Orúkọ àwa tí a kọ́ ọ ńkọ́?"

"Bàbá, ta ló ń kọ orúkọ bíríkìlà sára ilé? Ọnọ́rébù ni yóò tan án. Bí ìpàtẹ bá ti parí, Ìbàdàn ló ń gbé e lọ fi han àwọn ọ̀gá. Ọkọ̀ tó máa gbé e ti wà níta."

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Iṣẹ́ ọwọ́ wa fẹ́ di ti ẹlòmíràn lójú wa, wọn yóò sì gbé e jáde nílùú. Mo ti la ẹnu nígbà tí Alàájì fa apá aṣọ mi.

"Má bá a jà, Tíṣà. Ó ní òun ló kọ́ ọ. Jẹ́ kó wà á."

A wo ojú ara wa. Jímọ̀ yára fi fìlà bo ẹnu. A jókòó sẹ́yìn tábìlì, a káwọ́ lé itan bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ọnọ́rébù sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó sọ bí òun ṣe fọwọ́ ara òun to irin náà. Lẹ́yìn náà, ó tẹ súìṣì. Ọkọ̀ gbéra, èrò hó. Ó la koríko Alàájì já, ó dé ẹnubodè Ìpàpó, ó dúró gbagidi.

Ó tún un tẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbá tábìlì. Ẹnìkan ké pé wọ́n ti mú iná lọ, ṣùgbọ́n gílóòbù kékeré tí Ràímì fi sí ibùdókọ̀ Ìsẹ́yìn ṣì ń tàn rokoṣo.

Olóyè àgbà tó ṣe alága ìpàtẹ náà bi í pé, "Ọnọ́rébù, ìwọ lo kúkú kọ́ ọ. Kí ló ṣe é?"

"Ó ń sinmi ni, Bàbá."

Ìyá Rísíkà, àgbẹ̀ oníṣu láti Tẹ̀dé, dáhùn láàárín èrò: "Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti Ìsẹ́yìn sí Ìpàpó? Ìgbà wo ni yóò wá dé ọ̀dọ̀ àwa?"

Ẹ̀rín bú. Ọnọ́rébù fi ìka ti ọkọ̀ náà. Ó yẹ̀ lórí irin, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú koríko.

Olóyè yíjú sí wa. "Ẹ̀yin tí ẹ jókòó bí ìyàwó tuntun yìí, ẹ ò ní nǹkan sọ?"

Alàájì tẹrí ba. "Ẹ má bínú, Bàbá. Bíríkìlà lásán ni wá. Bánà ni kí ẹ bi."

Olóyè wo bánà, ó wo ọkùnrin náà, ó wò wá. "Ẹ tú u."

Ọmọ ẹ̀yìn tó so ó náà ló tú u. Jímọ̀ gbé ọkọ̀ sórí irin, ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó sì ṣí Ìpàpó. Ràímì ṣí Tẹ̀dé. Mo ṣí Ṣakí, ọkọ̀ sì rìn títí dé ẹsẹ̀ àpáta mi. Olóyè ní kí a dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pe orúkọ wa sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tòun ti orúkọ baba wa. Ọkọ̀ tó wà níta padà lófìfo.

Ṣùgbọ́n Ìyá Rísíkà kò tíì jókòó. Ó mú èbù iṣu kékeré kan wá, ó gbé e sínú ọkọ̀ wa.

"Ẹ bá mi gbé e dé Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ọjà wà."

A dá ọkọ̀ padà. Ó ru èbù náà gba Tẹ̀dé, ó gba Ìpàpó, ó dé Ìsẹ́yìn níbi tí tábìlì parí sí.

"Ó tán?"

Mo ní, "Ó tán, Ìyá."

Ó yíjú sí Ọnọ́rébù, tó ti ń fi ọgbọ́n wá ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ mi, lọ kọ́ ti gidi. Lọ́jọ́ tó o bá kọ́ ọ, èmi fúnra mi ni n ó bá ọ so bánà yẹn."

Ọkùnrin náà rí ẹnu ọ̀nà, ó gba ibẹ̀ jáde. Títí di òní, a kò tíì gbọ́ fèrè rélùwéè.

Ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀ ni àwòṣe náà wà báyìí, orúkọ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lára rẹ̀. Ìyá Rísíkà kọ̀ láti mú èbù rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ló ń dúró dè. Èbù náà ti hu. Ìtàkùn rẹ̀ ti kọjá etí tábìlì níbi tí irin wa parí sí, ó ń dá ọ̀nà Ìbàdàn lọ.