Itọ́ Ẹnu Bàbá Mi

Bàbá mi ò lè rí ẹni tó ń rún púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, lẹ́nu kó má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tirẹ̀, a kì í fi eyín kan òkèlè. Ẹ ó bù ú, ẹ ó fi ọbẹ̀ marúgbó ràn án lọ́nà, ẹ ó gbé e mì, ó parí. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tó wá láti òkè, níbi tí ilẹ̀ gbẹ, tí wọ́n ń jẹ tiwọn bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, "ewúrẹ́ ìjọba" ló ń pè wọ́n. Nígbà tí mo mú ìyàwó mi, ọmọ Èkìtì, wálé, tó sì rún òkèlè àkọ́kọ́ níwájú ẹbí, bàbá mi wò ó títí.

"Ọma mi," ó ní fún mi, "o ò sọ fún mi pé ewúrẹ́ lo lọ fẹ́ wá."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sì rò pé púrúǹtù ni mí o. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Mahintedo. Lọ́dọọdún ni mo ń ya ikùn èèyàn sára pátákó: itọ́ rèé, òun ló ń kọ́kọ́ tú sítáàṣì, omi kíkan inú ikùn rèé, tó ń bá ẹran àti ẹja jà, òróòro rèé, tó ń fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́. Mo mọ̀ ọ́n kà bí àdúrà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbàgbé itọ́, màá ní orí ẹja ló gbé wá sí kíláàsì.

Lọ́dún tó kọjá ni bàbá mi kọ oúnjẹ. Nínú ilé pákó wa tó wà lórí omi ní Zion Pepe, á jókòó láti àárọ̀, á máa tún àwọ̀n ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé púpurú dé, òkèlè kan ṣoṣo á há a lọ́fun, á pọ̀ ọ́ jáde, á sì ti àwo sẹ́yìn. Ó rù títí ṣòkòtò ń bọ́ nídìí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé a máa sin ín kí ọdún tó yí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ayé ló dì í lọ́fun, ká gbé e lọ sílé àdúrà. Èmi ọ̀mọ̀wé ní ogbó ni. Nínú àwa méjèèjì, n ò mọ ẹni tó gọ̀ jù.

Ìyàwó mi ló jókòó tì í lọ́sàn-án Sátidé kan, tó ń wò ó bó ṣe ń so àwọ̀n. Apẹja ilé wa kì í fa kókó le láìfi itọ́ rin ín, torí bí okùn ọ̀rá bá gbẹ, ó lè já. Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀, ojú wa ò tilẹ̀ rí i mọ́. Obìnrin òkè yìí ló rí i pé inú ife omi ni bàbá ń ki kókó kọ̀ọ̀kan bọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, itọ́ yín dà?"

Bàbá gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta," ó ní, bí ẹni ń jẹ́wọ́ olè.

Ojú ló ń tì í. Apẹja tí kò ní itọ́ tí yóò fi rin kókó, ta ni yóò sọ ọ́ fún? Nígbà tó la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ ti gbẹ táútáú. Ohun tí a fẹ́ wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà.

Ìyàwó mi gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó ní kó lá a. Bàbá lá a, ó fa ojú ro, nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ìyàwó mi wá bu púpurú bíńtín fún un, ó rẹ ẹ́ sínú omi ọbẹ̀.

"Ẹ rún un, Bàbá."

Àbúrò bàbá mi pòṣé. Bàbá wo ìyàwó mi, ó wo púpurú. Ebi ṣẹ́gun ìgbéraga. Ó rún un, ó rún un, ó sì dúró lójijì.

"Ta ló fi ṣúgà sí i?"

Kò sẹ́ni tó fi ṣúgà sí nǹkan kan. Itọ́ ló ń tú sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ di ṣúgà, ìyẹn tí mo ti ń yà láti ọjọ́ yìí wá, tí n kò fìgbà kan rún tó láti tọ́ ọ wò.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó mi yìí kan náà ló kó àwọn oògùn tí bàbá mi ń lò lójoojúmọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ló ń gbẹ ẹnu, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé yẹn, pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu, bàbá mi kọjú sí mi.

"Ọma mi, kí lo ní ò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ?"

"Bí oúnjẹ ṣe ń dà ni, Bàbá."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Kò yára, ó rún tẹnu rẹ̀ tán, ó gbé e mì.

"Jókòó," ó ní. "Jẹ́ kí ìyàwó rẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹun."